Ọ̀gá Tó Kọ̀ Láti Pé Ọgọ́ta Ọdún

Ẹni tó bá máa gbọ́ ìtàn yìí, kí ó kọ́kọ́ tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, nítorí ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fẹ́ràn kí ènìyàn fara ti ògiri níwájú òun. Ọ̀gá Àgbà ni, ní ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é, nítorí kò sí ìgbà tó la ẹnu tí oúnjẹ ọ̀sán kì í tutù. Níwájú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ tòun ti gbogbo oyè tó so mọ́ ọn, láti òkè títí dé ibi tí a ti ń di ilẹ̀kùn mú. Ẹni tó kọ ọ́ sọ pé òun kò parí rẹ̀, ilẹ̀kùn ló tán.

Bí ó bá wọlé láàárọ̀, gbogbo ènìyàn á dìde. Bí ó bá húkọ́, ẹnìkan á kí i kú ewu. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí Ọ̀gá fi ọdún méjì jù lọ, ní iṣẹ́ méjì: kí ó rẹ́rìn-ín nígbà tí Ọ̀gá bá ṣe àwàdà, kí ó sì máa mi orí nígbà tí Ọ̀gá bá dákẹ́. Iṣẹ́ kejì yìí kì í sábà kàn án.

Ká sọ òótọ́, ohun kan ṣoṣo ni Ọ̀gá ní láyé, àga rẹ̀ ni. Àga aláwọ dúdú ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, ó sì ń yí. Nílé, ìyàwó rẹ̀ á ní, “Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀, mo fẹ́ gbálẹ̀,” àwọn ọmọ rẹ̀ á sì yí tẹlifíṣọ̀n kúrò níbi tó ń wò láìbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Orí àga yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń di òfin. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lórí rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń gbẹ́sẹ̀ fún ìgbálẹ̀ ló kù.

Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú yàrá kékeré kan tí fáànù rẹ̀ máa ń ráhùn, ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Ó wọ awò kan sójú, ó gbé òmíràn sórí, ó sì máa ń wá ẹ̀kẹta. Òun ló kọ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà, ìyẹn ojú-òpó tí gbogbo fáìlì ti kó lọ gbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú.

“Ẹ̀rọ yìí,” ló wí, “kò mọ ọmọ ta ni ẹ́. Kò gba ẹ̀bẹ̀, kò gba ẹ̀gúnjẹ. Bí ó bá bi ọ́ ní ọjọ́ orí, tí o bá ní ọgọ́ta, ó dàbọ̀. Òfin ni mo fẹ́ràn, òfin náà sì fẹ́ràn mi.”

Igbákejì pàtẹ́wọ́. Ènìyàn méjì ti sùn, ẹnìkẹta ń díbọ́n bí ẹni tó ń kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká yà síbi ẹ̀rọ yìí díẹ̀. Kò le, ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù á mọ̀ ọ́n. Ìyá Ẹ̀rọ kò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ pátápátá. Ìpìlẹ̀ kan wà tí àwọn oníṣẹ́ bíi tirẹ̀ jọ ń lò, tó ti bá wọn ṣe ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀. Lórí rẹ̀ ni ó ti mọ àwòṣe kan tó pè ní Òṣìṣẹ́. Láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀, inú àwòṣe kan náà ni àkọsílẹ̀ olúkúlùkù ti jáde: àyè orúkọ, àyè ọjọ́ ìbí, àyè ipò. Ìpìlẹ̀ náà ti kọ́ àwòṣe bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan, bí a ṣe ń wá a, àti bí a ṣe ń pa á rẹ́. Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti ilé náà nìkan, ìpìlẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n. Ìyá Ẹ̀rọ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ kún un. Ìṣe ló ń pe àwọn wọ̀nyẹn. Bí ó bá ti fún àkọsílẹ̀ ní ìṣe kan, àkọsílẹ̀ náà á lè dáhùn ìbéèrè kan. Ìṣe kan wà tó ń sọ ọjọ́ orí. Òmíràn ń fi ọjọ́ orí ẹni méjì wéra, á sọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò, kí lẹ́tà ìjọba má baà tàbùkù àgbà. Òmíràn ń to àwọn ènìyàn sórí ìjókòó ìpàdé, nítorí àṣà ìjọba ibẹ̀ ni pé ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó kéré jù ló ń bu omi fún àwọn yòókù.

Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ẹ̀rọ á bi àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé: ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Èyí tó bá ní ọgọ́ta, ẹ̀rọ á tẹ lẹ́tà ìdágbére rẹ̀ jáde, káàdì onítọ̀hún kò sì ní ṣí ilẹ̀kùn mọ́.

Ìgbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí Ọ̀gá pé ọgọ́ta ni ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé òun fúnra rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Ẹ̀rọ.

“Jókòó,” ló wí.

Obìnrin náà wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí Ọ̀gá ti ní kí ó jókòó rí.

“Ìyá Ẹ̀rọ, bí ilé-iṣẹ́ yìí bá jẹ́ òrùlé, kí ni èmi jẹ́?”

“Ẹ̀yin ni òpó, sà.”

“Òpó àárín. Bí wọ́n bá yọ òpó àárín ńkọ́?”

“Òrùlé á wó, sà.”

“O ṣé. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù tí ẹ̀rọ rẹ máa yọ mí. Bá mi yí ọjọ́ ìbí mi padà. Ọdún márùn-ún péré, mi ò ṣe ojúkòkòrò.”

“Kò ṣeé yí, sà. Inú àká ìwé ló wà, a ti tì í pa. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, ìwé á lọ bá àwọn olùyẹ̀wò ní olú ilé-iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ bẹ́ẹ̀.”

“Èmi? Nígbà wo?”

“Lọ́jọ́ tí a ṣí ẹ̀rọ, sà. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ bíi wákàtí kan ààbọ̀ nígbà yẹn.”

Ọ̀gá yí àga sí ògiri, ó tún yí i padà. “Ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ibo lo kọ ọ́ sí?”

“Mi ò kọ ọ́ síbì kankan, sà. Ọjọ́ ìbí ló wà nílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá béèrè ọjọ́ orí ni ẹ̀rọ ń ṣírò rẹ̀. Ìṣe ni. Ìlà mẹ́ta péré ni mo kọ.”

“Kò sí níbì kankan.”

“Kò sí, sà.”

“Ohun tí kò sí níbì kankan,” Ọ̀gá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rí owó he, “ta ló máa sọ pé mo yí i padà?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ìtàn yìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn adájọ́ ti dá ẹjọ́ tí orí rẹ̀ kò pé tó èyí.

Ìyá Ẹ̀rọ bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ẹnu kan ni ìṣe yẹn. Ẹ̀rọ tó ń lé ènìyàn lọ sílé, ẹnu yẹn ló ń bi. Lẹ́tà ń bi í, ìjókòó ìpàdé ń bi í, olú ilé-iṣẹ́ náà ń bi í. Ohun tó bá sọ fún ọ̀kan ló máa sọ fún gbogbo wọn.”

“Èyí tí mo fẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin ọ̀rọ̀ kan ni mí.”

“Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, sà.”

Inú Ọ̀gá dùn, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ràn ju kí wọ́n ní kí ó kọ̀wé. Ohun tó kọ nìyí: “Níwọ̀n bí ọgbọ́n kò ti ní ọjọ́ orí, tí òpó kì í fẹ̀yìn tì, tí òrùlé kò sì ní ẹnu tí yóò fi bẹ̀bẹ̀, a pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ipò Ọ̀gá Àgbà kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta lọ, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sọ pé ó tó.” Ó buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Ẹ̀rọ padà sí yàrá rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: bí ipò bá jẹ́ Ọ̀gá Àgbà, tí ọdún bá sì ju mọ́kàndínlọ́gọ́ta lọ, kí ìdáhùn jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ìlà mẹ́ta di ìlà márùn-ún. Ó ṣe ẹ̀dà àṣẹ Ọ̀gá, ó fi í sínú fáìlì, ó ti dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ pa.

Lọ́jọ́ tó pé ọgọ́ta, Ọ̀gá dé kí oòrùn tó là dáadáa. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò, ó na káàdì rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Kò sí lẹ́tà. Igbákejì, tó ti rọra jókòó lórí àga náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú láti mọ bó ṣe máa bá òun mu, rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́, ó ní ara Ọ̀gá ń jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọ tuntun.

“Ọdún ń gba ara àwọn ẹlòmíràn kọjá,” ni Ọ̀gá wí. “Bó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó máa ń yà.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yà lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì, Igbákejì pé mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé gbogboogbò, ẹ̀rọ to ìjókòó. Ó bá ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta méjì, ó sì fi ábídí yanjú rẹ̀. Igbákejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Ìyá Ẹ̀rọ.

“Kí ló dé tí ẹ̀rọ rẹ fi gbé àbúrò mi síwájú mi?”

“Ẹgbẹ́ ni yín báyìí, sà.”

“Ẹgbẹ́ báwo? Mo fi ọdún méjì jù ú lọ.”

“Tẹ́lẹ̀ rí, sà.”

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ta ọlọ́gbọ́n lólobó. Ọ̀gá kàn pàṣẹ kí wọ́n dín ìpàdé kù ni.

Ìgbà tí ọdún tún yí po, Igbákejì pé ọgọ́ta. Ẹ̀rọ bi í, ó dáhùn bí ọmọlúàbí, lẹ́tà ìdágbére rẹ̀ jáde. Orúkọ Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n fi ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá kì í sì í kà wọ́n, nítorí ìbuwọ́lù rẹ̀ gùn débi pé gbogbo ọkàn rẹ̀ ló máa ń gbà. Wọ́n pé jọ sí gbọ̀ngàn láti sin Igbákejì dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí yìnyín inú ife àwọn ènìyàn fi yọ́ tán. Lẹ́yìn náà, Igbákejì dìde, ó ní òun kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, lẹ́tà tí Ọ̀gá fọwọ́ sí ni òun máa kà.

“‘Ẹ̀gbọ́n wa ọ̀wọ́n,’” ló kà, “‘a dúpẹ́ pé ẹ fi ọgbọ́n àgbà tọ́ wa sọ́nà. A kò ní gbàgbé pé ẹ fara da àṣìṣe ọmọdé wa. Èmi ni àbúrò yín, Ọ̀gá Àgbà.’”

Ẹnìkan wúkọ́. Ikọ́ náà ran ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ràn dé ìjókòó ẹ̀yìn. Igbákejì ká lẹ́tà náà, ó fi í sápò, ó sì rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé Ọ̀gá ṣe àwàdà.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí olú ilé-iṣẹ́ kéde pé wọn yóò dá Ìgbìmọ̀ Àgbà sílẹ̀. Ẹni mẹ́sàn-án ni yóò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní àbàwọ́n, ló lè wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì ti jókòó, ó di ọjọ́ ikú. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ni Igbákejì.

Ọ̀gá kò jẹun lọ́jọ́ náà. Àga tí ẹ̀rọ kankan kò lè yọ ènìyàn lórí rẹ̀ láéláé, òun ni ẹnìkan ti gbé fún ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rín jẹun. Ó kọ fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kíákíá. Èsì ẹ̀rọ dé kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò: “Ọjọ́ orí yín kò tíì tó. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.” Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ ọdún mélòó ni yóò jẹ́?

“Yọ ìlà méjì yẹn,” ló sọ fún Ìyá Ẹ̀rọ.

“Mo lè yọ ọ́ kí ẹ tó délé, sà. Lọ́la, ẹ̀rọ á bi yín, ẹ máa ní méjìlélọ́gọ́ta. Káàdì yín ò ní ṣílẹ̀kùn mọ́. Àwọn Ìgbìmọ̀ náà á sì béèrè ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe níbí láti ọdún méjì.”

Ọ̀gá ronú. Àga méjì ló wà nílẹ̀: èyí tó ń jókòó lé kò fẹ́ kí ó ju mọ́kàndínlọ́gọ́ta lọ, èyí tó ń wá kò fẹ́ kí ó dín ní ọgọ́ta. Ẹlòmíràn á yan ọ̀kan. Ọ̀gá kì í ṣe ẹlòmíràn.

“Fún mi ní ìṣe mìíràn,” ló wí. “Pè é ní ọjọ́ orí ọlá. Bí iṣẹ́ bá béèrè, mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí. Bí ipò ọlá bá béèrè, méjìlélọ́gọ́ta.”

“Fọ́ọ̀mù á gba ti ọlá, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n máa so ìwé iṣẹ́ yín mọ́ ọn lẹ́yìn, ìyẹn ṣì máa sọ ti iṣẹ́.”

“Ta ló ń ka ìwé tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ìwé?”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, sà,” ni Ìyá Ẹ̀rọ wí, ó sì lọ ṣí dúrọ́ọ̀.

Fọ́ọ̀mù náà wọlé, wọ́n sì pe Ọ̀gá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Yàrá gígùn kan ni, kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, àwọn àgbà mẹ́jọ yí tábìlì ká, Igbákejì wà ní ìparí. Àga kẹsàn-án ṣófo. Ọ̀gá wò ó bí ẹni tó ń wo ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Alága wọn jẹ́ obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún márùndínlógójì. Ìwé àwọn ọmọ tó ti yẹ̀ wò láyé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, kò sì fo ojú ewé kan rí.

“Ọ̀gá Àgbà, ẹ káàbọ̀,” ló wí. “Ìwé yín níwájú ní méjìlélọ́gọ́ta. Èyí tó wà lẹ́yìn ní mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Èwo ni ká mú?”

Ọ̀gá tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. “Ẹ̀yin àgbà ọlọ́lá, ọjọ́ orí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ọjọ́ orí iṣẹ́ wà, èyí tí egungun ń kà. Ọjọ́ orí ọlá wà, èyí tí aráyé ń kà lójú ẹni. Ènìyàn lè jẹ́ ọ̀dọ́ nínú agbára kí ó sì jẹ́ arúgbó nínú ọgbọ́n...” Ó sọ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Àgbà kan mú ẹ̀pà jáde nínú àpò rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán.

“Ó yé wa,” ni Alága wí nígbà tó mí. “Nítorí náà, ọjọ́ orí ọlá, àwa ló máa fún yín bí a bá mú yín. Títí dìgbà yẹn, ti iṣẹ́ ló wà nílẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. A jẹ́ pé ìwọ lo kéré jù nínú yàrá yìí. Àbúrò, jọ̀ọ́, bu omi fún wa ká tó máa bá a lọ.”

Ọ̀gá wo ìkòkò omi. Bí ó bá kọ̀, méjìlélọ́gọ́ta nìyẹn, àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì ti lọ. Bí ó bá bu ún, ó kéré tán, ó ṣì ní ọ̀kan. Ó dìde. Ó bu omi fún Alága, ó ní “Ẹ gbà, mà.” Ó bu fún ẹni tó jẹ ẹ̀pà. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ife dé ife, ọrùn rẹ̀ le gan-an, títí ó fi dé ìparí tábìlì.

Igbákejì na ife. Ọ̀gá bu omi sí i.

“Àbúrò, kò kún,” ni Igbákejì wí.

Ọ̀gá fi kún un.

“Ó ti wá kún jù. Kò burú, ọmọdé ni ẹ́. Bí o bá dàgbà, wàá mọ̀ ọ́n bù.”

Ọ̀gá gbé ìkòkò omi kalẹ̀. Ọkùnrin yìí lè fara da kí wọ́n pè é ní olè. Wọ́n ti pè é bẹ́ẹ̀ rí, ó rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni kò lè gbà.

“Ta ni ọmọdé?” ló bi í. “Ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ, mo ti ń sáré kiri àgbàlá. Ọdún méjì ni mo fi jù ẹ́ lọ. Mo pé ọgọ́ta lójú ẹ, ìwọ lo pàtẹ́wọ́ fún mi. Méjìlélọ́gọ́ta ni mo wà, àtorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sí ìṣẹ́jú kan tí mo yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tó sọ láyé rẹ̀ nìyẹn, òun nìkan sì ni ẹnikẹ́ni kò sùn sí.

“Akọ̀wé,” ni Alága wí, “ṣé o kọ ọ́?”

“Mo kọ ọ́, mà.”

“Ó dára. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n Igbákejì. Ẹ má bínú pé a rán yín níṣẹ́.”

Ọ̀gá wo àga kẹsàn-án. Kò sí ẹni tó nawọ́ sí i fún un. Ẹni tó fi ọjọ́ orí pamọ́ fún ọdún méjì, iṣẹ́ rẹ̀ ti ní àbàwọ́n.

Àwọn olùyẹ̀wò dé yàrá Ìyá Ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì. Ó gbé fáìlì jáde kí wọ́n tó béèrè. Wọ́n ka àṣẹ kìíní, wọ́n ka èkejì. Nígbà tí wọ́n dé ibi òrùlé tí kò ní ẹnu, ọ̀kan nínú wọn bọ́ síta lọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ó pa ọjọ́ orí ọlá rẹ́. Ìlà márùn-ún di mẹ́ta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ bi àkọsílẹ̀ Ọ̀gá Àgbà ní ọjọ́ orí, àkọsílẹ̀ náà ní méjìlélọ́gọ́ta, lẹ́tà jáde. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: lẹ́tà ìdágbére kì í jáde nílé-iṣẹ́ láìsí ìbuwọ́lù Ọ̀gá Àgbà. Ìyá Ẹ̀rọ lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti ń na káàdì sí ilẹ̀kùn tí kò dá a lóhùn. Ó fi káàdì tirẹ̀ ṣí i fún un.

Ọ̀gá jókòó lórí àga. Ó mú lẹ́tà náà, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò ka irú rẹ̀ rí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìlà méjì. Ó mú bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ nìkan, kò fi oyè kankan kún un. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan.

Ìyá Ẹ̀rọ gba lẹ́tà náà, ó ká a. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ẹ kú ọjọ́ ìbí, sà,” ló wí. “Ti ọgọ́ta, ti mọ́kànlélọ́gọ́ta, àti ti méjìlélọ́gọ́ta. Kò sí ẹni tó ráyè kí yín.”

Ọ̀rọ̀-Ò-Tán la ẹnu. Ìyá Ẹ̀rọ wá ibi tó máa fara tì, nítorí ó mọ̀ ọ́n.

“O ṣé,” ló wí, ó sì dìde lórí àga.